Ẹkún Ọmọ Ìyá Mi Tí Oògùn Ṣe Léṣe

Ẹ bá mi sun ún, ẹ̀yin tí àárẹ̀ ọkàn ti wọ ilé yín rí. Ẹkún òkú kọ́ ni mo gbé dání. Ẹni tí mo ń sunkún lé lórí ń bẹ láàyè, a ń pè é, ó ń jẹ́. Ẹkún ẹni tó wá ìwòsàn lọ ni, tí ìwòsàn gbá a létí, tí wọ́n tún ní òun ló jẹ̀bi. Ẹkún ọmọ ìyá mi ni.

Ọmọ ìyá mi, wọ́n ní ara kì í wúwo kí alára má lè gbé e. Tìrẹ wúwo. Mo bá ọ gbé e, mo mọ bó ṣe wúwo tó. Ìwọ tí ìró ìgbálẹ̀ rẹ máa ń jí gbogbo ojúlé, o wà lórí ibùsùn láti ìdájí títí oòrùn fi wọ̀. Mo gbé omi ìwẹ̀ sílẹ̀ fún ọ, ó tutù. Mo tún gbé e kaná, ó tún tutù. O mú kóòmù dání, ọwọ́ rẹ ò gbé e dé orí. Ọmọ rẹ sáré ti ilé-ìwé dé, ó ní òun gba ipò kejì. O wò ó, o wò ó, o ò rí ọ̀rọ̀ kan sọ, lo bá kojú sí ògiri. Oúnjẹ ò wù ọ́, orin ò wù ọ́, ọjà tí o fi ọwọ́ ara rẹ dá sílẹ̀ ò wù ọ́ mọ́.

O ní orí ń gbóná. O ní nǹkan ń rìn lábẹ́ awọ orí. O ní àyà ń já ọ, ẹ̀yìn ń ro ọ́. Wọ́n ní ibà ni, o lo oògùn ibà. Wọ́n ní taifọ́ọ̀dù ni, o gba abẹ́rẹ́ taifọ́ọ̀dù. Ará ilé ní ìrònú ló pọ̀ jù, kí o yéé ronú. Ta ní ń ronú tó wù ú, ẹ̀yin èèyàn mi? Ta ní ń jí lóru dúdú láti máa ka ẹ̀ṣẹ̀ tí kò dá?

Ohun tó jẹ́ kó máa dùn mí ni pé ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́ nílẹ̀. Ní ọdún 1953, J. C. Carothers, òyìnbó dókítà tó ṣiṣẹ́ ní Kẹ́ńyà lábẹ́ ìjọba amúnisìn, kọ ìwé kan fún Àjọ Ìlera Àgbáyé. Ó ní àárẹ̀ ọkàn ò fi bẹ́ẹ̀ sí lára aláwọ̀ dúdú, torí aláwọ̀ dúdú kì í di ẹ̀bi ru ara rẹ̀. Thomas Adéoyè Lambo, ọmọ Abẹ́òkúta, ò gbà. Òun àti Alexander Leighton pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ wọn wọ ìgboro, wọ́n wọ abúlé lágbègbè Abẹ́òkúta, wọ́n jókòó ti àgbẹ̀, wọ́n jókòó ti ọlọ́jà, wọ́n béèrè bí wọ́n ṣe ń sùn àti bí ọkàn wọn ṣe rí. Ìwé wọn jáde ní ọdún 1963: àárẹ̀ náà ń bẹ láàárín wa, kò sì ṣọ̀wọ́n. Ọdún 1963, ọmọ ìyá mi! Wọn ò tíì bí mi, áḿbọ̀sì ìwọ tí mo gbà lẹ́yìn ìyá wa. Wọ́n ti mọ̀ látìgbà náà, ìwọ sì ń gba abẹ́rẹ́ taifọ́ọ̀dù.

Nígbà tí a wá rí ẹni tó dárúkọ rẹ̀, mo yọ̀. A ti wà lórí bẹ́ǹṣì láti ìdájí, káàdì rẹ wà lọ́wọ́ mi, orúkọ wa ló kẹ́yìn. Dókítà ò gbójú sókè. “Ṣé o ń sùn? Ṣé o ń jẹun? Ṣé o ń gbọ́ ohùn létí?” Ó kọ fluoxetine, ó ya ìwé náà fún wa, ó pe ẹlòmíì.

Kò sọ fún ọ. Èyí ni mo ń sun jù. Kò sọ fún ọ pé ó lè tó ọ̀sẹ̀ méjì, ó lè tó mẹ́rin, ó lè jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí ire oògùn náà tó fojú hàn, bẹ́ẹ̀ ìnira rẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ kìn-ín-ní. Kò sọ fún ọ pé inú lè máa ru, pé oorun lè fò lọ, pé ìfẹ́ tọkọtaya lè kú pátápátá lára. Kò sọ fún ọ pé àwọn kan wà tí irú oògùn yìí kì í jẹ́ kí wọ́n lè jókòó.

Ìwọ wà lára wọn. O ti pálọ̀ dé ẹ̀yìnkùlé, o ti ẹ̀yìnkùlé dé pálọ̀. O jókòó, o dìde. O dùbúlẹ̀, o dìde. Lórí ìdúró lo ti ń jẹ ẹ̀kọ. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọn ò tíì ka Bíbélì tán tí o fi bọ́ síta, o ń rìn yí ọgbà ká, àwọn ọmọdé ń wò ọ́. Lóru, o pè mí: “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ bá mi di ẹsẹ̀ mi mú.” Mo dì í mú, iṣan rẹ̀ ń gbọ̀n lábẹ́ àtẹ́lẹwọ́ mi. “Ẹ̀gbọ́n mi, ó ń ṣe mí bíi kí n bọ́ awọ ara mi sílẹ̀ kí n sá lọ.” Àárẹ̀ tó dá ọ dùbúlẹ̀ tẹ́lẹ̀ ṣì wà nínú ọkàn rẹ, oògùn gbé ìwọ dìde, kò gbé òun kúrò. Ìbànújẹ́ tí kò lágbára tẹ́lẹ̀ wá ní ẹsẹ̀, mo sì ń bẹ̀rù ibi tí ẹsẹ̀ náà lè gbé e lọ.

Ẹ̀rù yẹn kì í ṣe àsọdùn. Ní ọdún 2004, àjọ tó ń mójú tó oògùn ní Amẹ́ríkà pàṣẹ pé kí wọ́n kọ ìkìlọ̀ tó le jù lọ sára àwọn oògùn wọ̀nyí nítorí àwọn ọmọdé àti ọ̀dọ́, pé èrò àtigba ẹ̀mí ara ẹni lè pọ̀ sí i nígbà tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó. Ní ọdún 2007, wọ́n fa ìkìlọ̀ náà dé ọ̀dọ̀ àwọn ọ̀dọ́ tó tó ọmọ ọdún 24. Ìwọ ti kọjá ọjọ́ orí yẹn, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ oògùn yìí, ó yẹ kí wọ́n máa ṣọ́ ọ láwọn ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Ta ló ṣọ́ ọ? Ta ló pè ọ́ lórí fóònù? Ta ló bi ọ́ pé, ó ti ń ṣe ọ́ sí?

A padà lọ. Wọ́n ní kò sí oògùn tí kò ní ìnira tirẹ̀, kí o fara dà á. O fara dà á. O fara dà á títí ìfaradà fi tán lára rẹ.

Wọ́n pààrọ̀ rẹ̀. Amitriptyline ló kàn, oògùn tó ti wà lọ́jà láti ọdún 1961, tí apá mẹ̀kúnnù ṣì ká. Ẹnu rẹ gbẹ títí ahọ́n fi ń lẹ̀ mọ́ òkè ẹnu. O ní láti mumi kí o tó lè dáhùn ẹ kú àárọ̀. O dìde lórí àga, ojú rẹ ṣú, o di ògiri mú. O lọ tọ̀, ìtọ̀ ò wá. Inú rẹ lé, kò yà. O sùn di ọ̀sán, o jí, o ò mọ̀ bóyá o ti jí. Mo sì ti gbọ́ pé bí èèyàn bá gbé oògùn náà mì lápọ̀jù, ó lè dá ọkàn dúró nínú àyà. Nítorí náà alaalẹ́ ni mo ń ka hóró rẹ̀, mo ń tì í mọ́ inú àpótí ìyá wa, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà ní ìdí ìró mi. Oògùn tó yẹ kó gbà ọ́ là ni mo ń fi pamọ́ fún ọ. Ẹ bá mi wò ó.

O dá a dúró. Wọ́n wá kọ ọ́ sínú fáìlì rẹ pé o kì í lo oògùn. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́, kò sí àlàyé lẹ́yìn rẹ̀. Ìrìn àìdúró ò sí níbẹ̀, ẹnu gbígbẹ ò sí níbẹ̀, òru tí mo fi di ẹsẹ̀ rẹ mú ò sí níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn ń ṣáájú ọ wọ gbogbo yàrá tí a bá tún dé. Nọ́ọ̀sì á ṣí fáìlì, á wò ọ́, á mí kanlẹ̀.

Wọ́n ní ọ̀lẹ ni ọ́. Wọ́n ní wọ́n fi ṣe ọ́ ni. Wọ́n ní o ò ní ìgbàgbọ́ tó. Àdúrà ò ṣe ọ́ níbi, mi ò ní purọ́ mọ́ àdúrà: àwọn ìyá ìjọ wá jókòó tì ọ́ nírọ̀lẹ́, wọn ò béèrè nǹkan kan, wọ́n ń kọrin jẹ́jẹ́, wọ́n bá wa já ẹ̀fọ́. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn títí ayé. Àwọn tó ń wọn ìgbàgbọ́ rẹ ni mo bá ń jà. Ọlọ́run ló sì yọ ọ́ tí ẹnikẹ́ni ò fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ sí ọ lẹ́sẹ̀. Àwọn tí wọ́n ti fi sí lẹ́sẹ̀ rí ní ilẹ̀ yìí kì í ṣe ọ̀tá, ọmọ bíbí inú ni wọ́n.

Òfin pàápàá ò rọ̀ wá lọ́rùn. Òfin Lunacy tí wọ́n kọ sínú ìwé òfin ọdún 1958 la fi ń darí ọ̀rọ̀ àìsàn ọkàn ní Nàìjíríà títí di oṣù kìn-ín-ní ọdún 2023, tí Ààrẹ fi ọwọ́ sí òfin tuntun. Ìwé òfin ìwà ọ̀daràn tí wọ́n ń lò ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ gúúsù, ní abala 327, ní ẹ̀wọ̀n ọdún kan ni fún ẹni tó bá gbìyànjú láti pa ara rẹ̀. Kí ẹni tó ti dé etí bèbè wá padà, kó wá sọ fún wa pé òun débẹ̀, ṣé ó yá a lára? Ìdí nìyẹn tí o fi ń sọ ọ́ fún mi nìkan, lóhùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, tí mo sì ń gbé e kiri.

Àwọn baba wa ní oògùn tí kò bá jẹ́, ewé rẹ̀ kan ló kù. Wọn ò sọ pé aláìsàn ló kù díẹ̀ káàtó.

Àwọn tó rí oògùn òyìnbó wọ̀nyí mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣíṣìnà ni wọ́n fi rí ọ̀nà. Iproniazid, ikọ́ ẹ̀gbẹ ni wọ́n fi ń wò. Ní ilé ìwòsàn Sea View ní New York, ní ọdún 1952, wọ́n rí i pé àwọn oníkọ́ tó ń lò ó ń túra ká, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Ní Switzerland, Roland Kuhn ń wá oògùn àìsàn ọpọlọ mìíràn nígbà tó fún àwọn aláìsàn ní imipramine ní Münsterlingen. Kò rí èyí tó ń wá. Àwọn tí ọkàn wọn ti rẹ̀ ló rí ìtura, ó sì kọ ọ́ jáde ní ọdún 1957. Ara aláìsàn ló sọ ọ́, àwọn dókítà kàn tẹ́tí sí i ni. Etí tí wọ́n fi gbọ́ ti àwọn wọ̀nyẹn, níbo ló wà nígbà tí ìwọ ń sọ tìrẹ?

Ní Amẹ́ríkà náà, nínú ìwádìí ńlá kan tí àbájáde rẹ̀ jáde ní ọdún 2006, nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́ta ni àárẹ̀ náà fi sílẹ̀ pátápátá lórí oògùn àkọ́kọ́. Àwọn méjì yòókù, ṣé aláìgbọràn ni wọ́n? Ẹ̀dọ̀ tó ń lọ oògùn nínú ara kò rí bákan náà: bí bàbá àti ìyá ṣe bí èèyàn ni ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ṣe ń yára tàbí ń falẹ̀. Ìwọ̀n tó kéré jù fún ẹnì kan lè jẹ́ àpọ̀jù lára ẹlòmíì. Wọ́n mọ̀ ọ́n, ó wà nínú ìwé tí wọ́n kà kí wọ́n tó di dókítà. Ẹnì kankan ò sì bi ọ́ léèrè.

Obìnrin ni dókítà tí a bá níkẹyìn, ó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́. Ó gbé bírò sílẹ̀. Ó ní, “Ẹ kó gbogbo oògùn tí ẹ ti lò jáde fún mi.” Mo tú láílọ́ọ̀nù dúdú náà sórí tábìlì: páálí tó ti ya, káàdì oògùn tí a ti fọ́ ìdajì rẹ̀, ike tí orúkọ ti pa rẹ́ lára rẹ̀. Ó tò wọ́n bí o ṣe lò wọ́n tẹ̀ léra. Ó ń mú wọn níkọ̀ọ̀kan. Èyí, hóró mélòó lóòjọ́? Ìrìn àìdúró yẹn, ṣé kí wọ́n tó fi kún oògùn ló bẹ̀rẹ̀ ni àbí lẹ́yìn tí wọ́n fi kún un? Ta ló ti ní irú rẹ̀ rí nínú ẹbí? Ṣé ìgbà kan wà tí oorun ò kùn yín tí kò sì rẹ̀ yín, tí ọ̀rọ̀ ń dà lẹ́nu yín, tí ẹ ń ná owó tí ẹ ò ní? Ó ní ẹni tí ọkàn rẹ̀ máa ń rì, tó tún máa ń ru sókè, bí wọ́n bá fún un ní irú oògùn yìí nìkan, ó lè gbé e sókè kọjá ààlà, pé oògùn mìíràn bíi lithium ni irú wọn sábà máa ń nílò. Tìrẹ kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ó béèrè! Ó ní ká lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò pẹ̀lú, bóyá ẹ̀jẹ̀ ló kéré, tàbí ẹṣẹ́ tó wà lọ́rùn ni kò ṣiṣẹ́ dáadáa, torí àwọn náà máa ń dá ara dùbúlẹ̀.

Lẹ́yìn náà ló sọ ọ́. “Ìrìn yẹn, a mọ̀ ọ́n, ó lórúkọ nínú ìwé wa. Oògùn ló fà á. Ẹ̀yin kọ́.”

Ẹkún bú jáde lẹ́nu rẹ. Ẹkún tí mi ò tíì gbọ́ lẹ́nu rẹ rí látìgbà tí a ti sin ìyá wa. Dókítà jẹ́ kí o sun ún.

Kò lé mi síta. Ó ní kí n fa àga sún mọ́ wọn. Àrò, ilé ìwòsàn àìsàn ọkàn ní Abẹ́òkúta, ìwọ ni mo rántí, ìwọ tí wọ́n fi orúkọ rẹ ṣe èébú fún ọmọ tó bá ṣìwà hù. Lọ́dọ̀ rẹ ni Lambo ti jẹ́ kí aláìsàn máa gbé nílé àwọn ará abúlé láti ọdún 1954, tí ìbátan rẹ̀ kan ń bá a gbé, tí ń se oúnjẹ fún un, tí ń mú un lọ gba ìtọ́jú, tí ń mú un bọ̀. Ayé gbọ́ nípa rẹ, wọ́n wá wò ọ́. Àwa tí a bí ọ là ń ju orúkọ rẹ lura wa.

Dókítà ní ọ̀nà ò tán sórí oògùn. Ó ní ọ̀rọ̀ sísọ náà ń wo èèyàn sàn, bí ẹni tó mọ̀ ọ́n bá ló ń darí rẹ̀. Mo wá a kà, mo rí i pé kò jìnnà sí wa rárá. Oyè Gureje ti Yunifásítì Ìbàdàn àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìwòsàn alábọ́dé bí wọ́n ṣe ń bá ẹni tí ọkàn rẹ̀ rẹ̀ jókòó, kí wọ́n jọ tú ìṣòro rẹ̀ wò níkọ̀ọ̀kan. Àbájáde rẹ̀ jáde ní ọdún 2019, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí wọ́n tọ́jú ni ara wọn yá nítòsí ilé wọn. Ní Harare, Dixon Chibanda kọ́ àwọn ìyá àgbà láti máa bá aláìsàn jókòó lórí bẹ́ǹṣì onígi nínú ọgbà ilé ìwòsàn. Ìwádìí tó jáde ní ọdún 2016 fi hàn pé lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, ara àwọn tó bá wọn jókòó fúyẹ́ ju ti àwọn tí wọ́n tọ́jú bí wọ́n ṣe ń ṣe tẹ́lẹ̀. Ìyá àgbà! Irú èyí tí a ní ní gbogbo àgbàlá! Inú mi dùn, inú mi tún bàjẹ́, torí mo ronú kan gbogbo òru tí o fi rìn.

Ìwọ náà jókòó ti nọ́ọ̀sì kan lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ẹ kọ gbogbo ohun tó wọ̀ ọ́ lọ́rùn sílẹ̀: àjọ tí o ò dá mọ́, owó ilé-ìwé, ojú tó ń tì ọ́ láti kọjá níwájú ìsọ̀ rẹ. Ẹ mú ọ̀kan, ẹ ò mú èyí tó tóbi. Níbẹ̀rẹ̀, iṣẹ́ rẹ ò ju kí o ṣí fèrèsé láàárọ̀. Nígbà tó yá, ó ní kí o rìn dé ọ̀dọ̀ ìyá ológì ní ìkóríta, kí o fi ẹnu ara rẹ ra ògì. O rìn dé ìdajì ọ̀nà, o padà. O ní o ti kùnà. Nọ́ọ̀sì ní, “Ìdajì ọ̀nà lẹ dé, òun la máa kọ.” Ó kọ ọ́.

Oògùn náà tún padà wá, kò sì wá bó ṣe wá tẹ́lẹ̀. Dókítà ò fi lé ọ lọ́wọ́, ó fi lọ̀ ọ́. Ó sọ ohun tó lè ṣe fún ọ, ó sọ ohun tó lè ṣe sí ọ. Ó ní ká fi ìwọ̀n tó kéré bẹ̀rẹ̀, ká máa gùn ún díẹ̀díẹ̀. Ó ní hóró ti èyí ṣeé gé, pé kì í ṣe gbogbo hóró ló ṣeé gé. Mo fi bíléèdì tuntun gé e sí méjì lórí àwo pẹrẹsẹ, o fi ìka kó ìyẹ̀fun rẹ̀. Ó ní bí ara bá kọ̀ ọ́, kí a má sọ ara wa di dókítà, kí a pe òun lójú ẹsẹ̀. Nọ́ńbà rẹ̀ wà nínú fóònù mi. Ó ní bí èyí náà bá kọ̀, ọ̀nà ṣì wà: iná mànàmáná tí wọ́n ń fi wo èyí tó bá le, tó ti wà láti ọdún 1938, kò rí bí fíìmù ṣe ń fi dẹ́rù bà wá, torí wọ́n máa ń kọ́kọ́ fi oògùn mú èèyàn sùn.

Ara rẹ ò tíì yá tán, ọmọ ìyá mi. Òwúrọ̀ mìíràn ṣì wà tí kóòmù ń wúwo. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí a lọ gbẹ̀yìn, dókítà fẹ́ fi kún oògùn rẹ, o ní, “Rárá mà, ẹ jẹ́ ká ṣe sùúrù díẹ̀ sí i, mo fẹ́ mọ ohun tí èyí ń ṣe ná.” Ìwọ lo sọ bẹ́ẹ̀. Ó gbà, ó sì kọ ọ́ sínú fáìlì bí o ṣe sọ ọ́.

Kí a tó wọlé lọ́jọ́ náà, ọmọbìnrin kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ lórí bẹ́ǹṣì, ìyá rẹ̀ ń bá a jà lóhùn ìsàlẹ̀ pé kì í lo oògùn. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ò dúró. Bàtà rẹ̀ ń gbá ilẹ̀, ó ń gbá ilẹ̀. O wò ó títí. O ní, “Àbúrò, èwo ni wọ́n fún ọ? Kí ló ń ṣe ọ́ látìgbà tí o ti ń lò ó?” Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́. Wọ́n pe nọ́ńbà rẹ. O ní kí ẹni tó kàn kọ́kọ́ máa wọlé.